Káktọ́ọ̀sì kéékèèké mẹ́fà, orúkọ kò sí lára wọn: ẹ bá mi dá wọn mọ̀

Olódòdó Kàbà

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o.

Òdòdó inú ìkòkò ni mò ń tà ní Kàbà níbí. Bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ra àwọn káktọ́ọ̀sì kéékèèké kan lọ́wọ́ ẹni tó máa ń kó ọjà wá láti Àbújá. Kò sí orúkọ lára ìkòkò kankan. Mo béèrè, ó ní káktọ́ọ̀sì ṣáà ni gbogbo wọn. Ìdáhùn yẹn kò tó àwọn oníbàárà mi mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá rà á ti wo fídíò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, orúkọ gan-an ni wọ́n ń bi mí. Èmi náà kò fẹ́ lẹ orúkọ olórúkọ mọ́ ohun tí mo bá tà.

Mo mọ̀ pé Mammillaria, ẹ̀yà káktọ́ọ̀sì kan, ló pọ̀ jù nínú wọn, torí kókó wẹ́wẹ́ ló bo ara wọn, wọn kò ní ìhà tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi dé. Bí wọ́n ṣe rí nìyí:

Ìkòkò kìíní, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọn kò sanra ju ìka lọ. Ẹ̀gún wọn ní àwọ̀ wúrà, ó sì tẹ́ mọ́ ara.

Ìkòkò kejì kúrú, ẹ̀gún rẹ̀ funfun. Bí aṣọ mi bá kàn án, ọmọ rẹ̀ a já bọ́ sílẹ̀.

Ìkòkò kẹta náà bí ọmọ jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ dà bí ìgbà tí irun funfun àti ẹ̀gún pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wọ inú ara wọn.

Ìkòkò kẹrin àti ìkarùn-ún, irun funfun bò wọ́n pátápátá. Ìyá kan tó wá sí ìsọ̀ mi ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé èyí kan kàn dàgbà ju èkejì lọ ni. Ọkàn mi kò gbà.

Ìkẹfà kì í ṣe Mammillaria. Ó rí róbótó, ìhà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, kò ní ẹ̀gún kankan. Ẹni tó tà á fún mi ní "onírawọ̀" ni wọ́n ń pè é.

Mo ti fi fọ́tò wọn sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè wò lára wọn tí n ó fi mọ̀?

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Ọ̀kun, Àǹtí. Ẹ dúró dè òdòdó wọn. Mo ti ń gbin nǹkan wọ̀nyí ní Ìyàrá ó ti pẹ́, kò sí ẹni tó lè wo ẹ̀gún nìkan kó sọ orúkọ ní ìdánilójú. Ẹ̀gún máa ń yí padà. Oòrùn, omi àti ọjọ́ orí ló ń yí i. Òdòdó kì í yí.

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Ẹ kú àtàárọ̀ o. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn gan-an sí ìbéèrè yìí, nítorí ìbéèrè ẹni tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan ni.

Àbúrò mi Àgbẹ̀ Ìjùmú, òótọ́ ni pé òdòdó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Àǹtí sọ. Bí wọ́n bá jẹ́ ohun tí mo fura sí, àwọ̀ ìyeyè tó ṣá tàbí funfun tó súnmọ́ ìyeyè ni òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kéré. Ẹ ó dúró títí, òdòdó á yọ, ẹ ó ṣì wà níbi tí ẹ wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé àwọ̀ kọ́ ni kí ó máa wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí irun ṣe pọ̀ tó. Ibi tí nǹkan ti ń yọ ni kí ó wò. Ibo ni ẹ̀gún ti yọ? Ibo ni irun ti yọ? Ibo ni òdòdó ti yọ?

Gbogbo káktọ́ọ̀sì pátá ló ní ojú kékeré kan lára, tí òwú díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Inú ojú yẹn ni ẹ̀gún ti ń jáde, gbogbo wọn á jọ jáde láti ojú kan. Lára Mammillaria, orí kókó ni ojú ẹ̀gún wà, ṣùgbọ́n òdòdó kì í yọ níbẹ̀. Kòtò àárín kókó sí kókó ni òdòdó ti ń yọ, ìdí nìyẹn tí òdòdó rẹ̀ fi máa ń tò yí orí rẹ̀ ká. Ẹ̀yà kan wà tó jọ ọ́, Coryphantha. Òun náà ní kókó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dàgbà, ẹ ó rí ilà jínjìn kan tí a fà sí ẹ̀yìn kókó rẹ̀, láti ojú ẹ̀gún wá sí ìdí, òdòdó rẹ̀ sì ń yọ láàárín orí gan-an. Rebutia, ẹ̀yà káktọ́ọ̀sì mìíràn, ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ara ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ẹ̀gún, ẹ rí i dájú pé kò sí ilà lẹ́yìn kókó.

Ó wá kan ẹ̀gún. Oríṣi méjì ni. Àwọn kan wà ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n tàn yí ojú ká, wọ́n sì tẹ́. Àwọn kan wà ní àárín, wọ́n nà síta sí ẹni tó ń wò wọ́n, wọ́n sì sábà máa ń le tàbí pọ́n ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ mú awò tí wọ́n fi ń wo nǹkan kéékèèké, tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́ tòsí. Ẹ yan kókó tó wà ní agbedeméjì ara. Ti orí ṣì jẹ́ ọmọdé, ti ìsàlẹ̀ sì ti lè kán. Ẹ ka kókó bíi mẹ́rin, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mammillaria elongata: ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń wà láàárín 14 sí 25, ti àárín sì sábà kì í sí rárá. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, kò sì máa ń sanra kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Mo rò pé òun ni ìkòkò kìíní.

Mammillaria gracilis: ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ funfun, láàárín 12 sí 17. Bí ó bá ti dàgbà, yóò ní ti àárín mẹ́ta sí márùn-ún tó pọ́n. Ọmọ rẹ̀ kì í dì mọ́ ìyá dáadáa. Ìkòkò kejì nìyẹn.

Mammillaria prolifera: ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé irun ni ẹ ó pè é, ó lè tó 25 sí 40, ti àárín sì wà níbẹ̀ gbọin gbọin, márùn-ún ó kéré tán. Mo fi ìkòkò kẹta síbẹ̀.

Ẹ lọ kà wọ́n, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Ọmọ Ìyàgbà

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Àlàyé yìí dùn mọ́ mi.

Lórí ìkòkò kẹfà, ọ̀nà tó yá jù ni kí Àǹtí fi abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀. Bí oje funfun bá jáde, kì í ṣe káktọ́ọ̀sì, ara ìdílé igi ọrọ́ ni. Bí omi lásán bá jáde, káktọ́ọ̀sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa.

Ọmọ Bùnú ní Houston

Ọ̀kun o. Àbúrò mi Ọmọ Ìyàgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí Àǹtí má gún nǹkan kan.

Àkọ́kọ́, òfin yẹn kò dúró. Àwọn Mammillaria kan wà tó ní oje funfun nínú ara. Ní Texas níbi tí mo wà, Mammillaria heyderi ń hù fúnra rẹ̀ nínú pápá, pẹlẹbẹ ló rí lórí ilẹ̀, bí o bá sì fi nǹkan ya á lára, oje funfun ni yóò jáde. Mammillaria magnimamma ti Mẹ́síkò náà rí bẹ́ẹ̀. Káktọ́ọ̀sì pátápátá ni àwọn méjèèjì. Tí a bá tẹ̀lé òfin oje, a ó lé ọmọ ilé jáde.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ ìdílé ọrọ́ lóòótọ́, oje yẹn kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ irú ọrọ́ tó ń hù lórí àpáta, tí wọ́n sì ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ọ̀kan nínú wọn, Euphorbia poissonii, ní èròjà kan nínú oje rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní resiniferatoxin. Bí ata ṣe ń ta lẹ́nu ni èròjà yẹn ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kọjá ti ata lọ́nà tó jìnnà réré.

Ojú tí Bàbá Tíṣà sọ nípa rẹ̀ ni kí Àǹtí wò. Nǹkan méjì ló jọra tí ìhà wọn sábà máa ń jẹ́ mẹ́jọ, tí wọn kò sì ní ẹ̀gún. Èyí tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ pè ni Astrophytum asterias. Láàárín ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ojú olówùú tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí àmì funfun tó-tò-tó káàkiri awọ rẹ̀. Èkejì ni Euphorbia obesa, ara ìdílé ọrọ́, ọmọ South Africa. Kò ní òwú níbì kankan. Ṣóńṣó ìhà rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́ tó tò bí ojú abẹ́rẹ́ télọ̀, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń gba ara rẹ̀ kọjá ní ìbú. Òdòdó ti asterias tóbi, ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àárín rẹ̀ a sì pọ́n. Ti obesa kéré débi pé ẹ lè má rí i, akọ àti abo rẹ̀ sì wà lórí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo ti wo fọ́tò yín, Àǹtí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò hàn. Ẹ tún un yà láti òkè.

Ìyá Ẹ̀gbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò mọ orúkọ wọ̀nyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ oje yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Ẹnikẹ́ni tí oje ọrọ́ bá ta sí lójú, kó má fi ọwọ́ ra á, kó má sì wá epo tàbí ewé kankan fi sí i. Omi tó mọ́ ni kó máa dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kó máa dà á lọ, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí ọmọ ilé ìwé tó gé ọgbà ọrọ́ tí ojú rẹ̀ wú di pátápátá. Ìtọ́jú tó yára dé ló gba ojú náà là. Àǹtí, bí ẹ bá fẹ́ gé ohunkóhun tí kò dá yín lójú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jìnnà sí àwọn ọmọdé.

Sànmí Lọ́kọ́jà

Ìkòkò kẹrin àti ìkarùn-ún ni tèmi. Mo ní irú wọn méjèèjì. Ìyá tó ní ọ̀kan ni wọ́n kò wò wọ́n súnmọ́ tòsí, nítorí wọn kò tilẹ̀ jọra bí ẹ bá ti ya irun wọn sọ́tọ̀.

Nínú àwọn onírun funfun tí ọjà Àbújá kún fún, méjì ló wọ́pọ̀, Mammillaria bocasana àti Mammillaria hahniana. Ohun tí Bàbá Tíṣà sọ nípa ibi tí nǹkan ti ń yọ ló yanjú wọn fún mi. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí wọ́n fi ń tayín dára, kí ẹ fi ya irun náà sí apá méjì títí ẹ ó fi rí awọ. Lára bocasana, irun náà jáde láti ojú tó wà lórí kókó. Ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ló di irun. Kòtò àárín kókó sì mọ́ tónítóní, tàbí kí irun ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lára hahniana, inú kòtò yẹn gan-an ni irun gígùn ti ń tú jáde, ó pọ̀, ó sì le díẹ̀ ju ti èkejì lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gún àárín. Bocasana ní ọ̀kan tàbí méjì tí ṣóńṣó rẹ̀ ká kọrọ́dọ́ bí ìwọ̀. Bí apá aṣọ yín bá kàn án, yóò di aṣọ mú, ẹ ó sì gbé ìkòkò náà dání láìmọ̀. Ti hahniana nà gbọrọgbọrọ, kì í ká.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kẹta, Mammillaria plumosa. Òun kò ní ẹ̀gún àárín rárá, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, gẹ́gẹ́ bí ìyẹ́ ṣe rí. Ẹ ò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá ti fi awò wò ó, ẹ ó mọ̀.

Olódòdó Kàbà

Ẹ̀yin ará ilé mi, Ọlọ́run á san án fún yín. N kò gún nǹkan kan o. Mo jókòó lábẹ́ ìbòòji ìsọ̀ mi, mo fi fóònù ọmọ mi wò wọ́n, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ìkẹrin ní ìwọ̀. Ó fà mí ní aṣọ gẹ́lẹ́ bí Sànmí ṣe sọ. Irun rẹ̀ ń bọ̀ láti orí kókó. Ìkarùn-ún, inú kòtò ni irun rẹ̀ ti ń yọ, ó pọ̀ gan-an, ẹ̀gún rẹ̀ kò sì ká. Inú mi dùn dé góńgó, torí mo ti ń wo àwọn méjèèjì yìí láti ọjọ́ yìí, n kò ronú àti ya irun yẹn rí.

Ìkẹfà, mo ti fi fọ́tò orí rẹ̀ sí i. Kò sí òwú. Ilà wẹ́wẹ́ gba ìbú ara rẹ̀ kọjá.

Ìkẹta ní ẹ̀gún àárín méje sí mẹ́sàn-án ní gbogbo kókó tí mo kà, irun rẹ̀ sì ju ohun tí mo lè kà lọ.

Ìkòkò kìíní ni ó ń dà mí láàmú. Ní àwọn ọ̀pá kan, kò sí ẹ̀gún àárín. Ní àwọn mìíràn, ẹyọ kan wà, ó pọ́n. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn wà! Ìkejì náà, kò ní ti àárín kankan, bẹ́ẹ̀ Bàbá Tíṣà ní mẹ́ta sí márùn-ún.

Ọmọ Bùnú ní Houston

Àǹtí, Euphorbia obesa ni ìkẹfà yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí bí wọ́n ṣe ń jí i wú nínú pápá rẹ̀ ní South Africa mú kó dà bí ẹni pé yóò parun nígbà kan rí, òfin sì ń dáàbò bò ó báyìí. Èyí tí wọ́n fi irúgbìn gbìn nínú ọgbà ni ó yẹ ká máa rà.

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Àǹtí, ẹ ṣe é dáadáa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá kọ irú èsì báyìí wá, máàkì rẹ̀ á pé.

Lórí ìkòkò kejì, ẹ ka ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan sí i: bí ó bá ti dàgbà. Gracilis lè wà ní ìrísí ọmọdé fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ funfun nìkan ni yóò ní. Lọ́jọ́ tó bá dàgbà, ẹ̀gún pípọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ láti orí, tó fi jẹ́ pé ara igi kan náà yóò ní ìrísí méjì, funfun nísàlẹ̀, pípọ́n lókè. Àwọn kan ti gbà pé irúgbìn méjì ni. Pé ọmọ rẹ̀ ń já bọ́ bí nǹkan bá kàn án àti pé ẹ̀gún rẹ̀ kò tó ogún ló ń fi ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ti ìkìíní, ẹ̀gún àárín ẹyọ kan tàbí méjì kò ní kó má jẹ́ elongata. Irúgbìn yẹn máa ń yàtọ̀ síra gan-an ní ibi tó ti ń hù ní Mẹ́síkò, ní Hidalgo àti Querétaro àti agbègbè wọn. Àwọn kan jẹ́ àwọ̀ wúrà, àwọn kan pọ́n bí ilẹ̀ pupa.

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Bàbá, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní ilẹ̀ wa níbí, torí ìwé kì í sọ ọ́.

Ẹni tó ta káktọ́ọ̀sì ní Àbújá, inú ilé ló sábà máa ń tò wọ́n sí. Oòrùn kò kàn wọ́n. Bí ó bá tó oṣù mélòó kan, ara wọn á fà gùn, orí wọn á ṣóńṣó, kókó wọn á jìnnà síra, ẹ̀gún wọn á sì dín, á tín-ín-rín. Mo ti rí Mammillaria tó yẹ kó rí róbótó tó di ọ̀pá. Ẹni tó bá kà á, elongata ni yóò pè é. Nítorí náà, ẹ̀gún tó yọ nínú òkùnkùn kò ṣeé kà. Àǹtí, ẹ wò ó bóyá ọ̀pá ìkòkò kìíní sanra dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ó bá dọ́gba, ó dára. Bí ó bá fún níbì kan tó tún wá sanra, ibi tó sanra nìkan ni kí ẹ kà.

Kí ẹ sì mú wọn jáde sí oòrùn díẹ̀díẹ̀ o, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Kàbà yóò jó wọn bí ẹ bá sáré gbé wọn síta. Nígbà tí òjò bá dé ní tòótọ́, ẹ wá òrùlé sí wọn lórí, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Láti oṣù Agẹmọ títí dé Ọ̀wàrà, ìdí wọn a máa jẹrà nínú omi. Yanrìn odò àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kó pọ̀ nínú ìkòkò.

Lórí òdòdó, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bí ọyẹ́ bá dé, kí ẹ dá omi dúró. Òru á tutù, ilẹ̀ á gbẹ, wọn á sinmi. Bí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin wọn lẹ́yìn ọyẹ́, orí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí yọ òdòdó. Ti hahniana yóò yọ ní àwọ̀ àlùkò, yóò tò yí orí rẹ̀ ká. Ti bocasana yóò funfun. Ìyàtọ̀ yẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ẹ̀kan ṣoṣo ló kù: ẹ ṣọ́ra fún òdòdó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ òdòdó gbígbẹ mọ́ orí káktọ́ọ̀sì nílùú ńlá kí ó lè tà. Bí òdòdó bá wà láàárín gbùngbùn orí Mammillaria, tí kò rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń dún bíi pépà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni.

Sànmí Lọ́kọ́jà

Òótọ́ ni ti gọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń ba orí igi náà jẹ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n lórí àwọ̀ òdòdó, bocasana kan wà tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ píǹkì. Wọ́n ń tà á dáadáa. Ẹni tó bá gbára lé àwọ̀ nìkan yóò pè é ní hahniana. Ìwọ̀ ni kí a wò.

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Mo gbà ti píǹkì. Síbẹ̀, bí òdòdó ṣe ń tò yí orí ká àti bí ó ṣe tóbi tó, ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́.

Ọmọ Ìyàgbà

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan. Mo ní èyí tó jọ ìkòkò kìíní ní Ìsánlú, ọ̀pá rẹ̀ sanra bí ìka, ó sì ń tẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ó tóbi ju ọ̀pá tó gbé e lọ. Elongata náà ni?

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Rárá o, ọmọ mi. Wo ara ọ̀pá náà. Ó dá mi lójú pé ìhà kékeré mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ìwọ yóò rí, kì í ṣe kókó tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, òdòdó náà sì yọ láti ẹ̀gbẹ́. Echinopsis chamaecereus ni, ọmọ Argentina. Chamaecereus silvestrii ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, o ṣì lè rí orúkọ yẹn lára ìkòkò. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni òun àti Mammillaria jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìsọ̀ ni wọ́n ti ń jọra.

Ìyẹn mú mi rántí ohun tí Àǹtí yóò bá pàdé. Orúkọ wọn ń yí padà. Ní ọdún 1753, Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, kó gbogbo káktọ́ọ̀sì sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Cactus. Ní 1812 ni Haworth, onímọ̀ ewéko mìíràn, yọ Mammillaria sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pín wọn, tí wọ́n sì ń kó wọn jọ padà. Gracilis tí mo dárúkọ, ọ̀pọ̀ ìwé báyìí ló fi sábẹ́ Mammillaria vetula. Ẹ̀yà káktọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Notocactus ti wọnú ẹ̀yà Parodia. Bí oníbàárà bá wá pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀, kí Àǹtí má bá a jà. Kí ó kọ orúkọ méjèèjì sí ara ìkòkò.

Ọmọ Bùnú ní Houston

Mo fẹ́ fi kún ti prolifera, ìkòkò kẹta. Ó ń hù ní Texas níbí, ó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Mẹ́síkò, ó sì ń hù ní Cuba àti Haiti. Ẹ̀rí kan wà tó máa yọ Àǹtí nínú iyèméjì, kò sì ní pẹ́: èso. Prolifera kì í dúró de igi mìíràn kó tó so. Ẹyọ kan nínú ìkòkò lè so èso pupa wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, èso náà pọ̀, ó sì ń pẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń já a jẹ, ó dùn. Bí ẹ bá rí èso pupa tó yọ láàárín kókó láìsí pé ẹ ní èkejì rẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn tó ń gbin káktọ́ọ̀sì fún títà máa ń jẹ́ kí òdòdó oríṣi méjì gba ara wọn, ọmọ tó jáde kì í jọ ìyá, kì í jọ bàbá. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ tán tí kò bá ìkankan mu, ẹ kọ Mammillaria nìkan sára ìkòkò, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó kúrú tó sì jẹ́ òótọ́ sàn fún oníbàárà ju gígùn tí a ṣe àbá rẹ̀ lọ. Ẹni tó rà á yóò tún pín ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ náà yóò sì máa bá a rìn káàkiri ilẹ̀ Òkun.

Ìyá Ẹ̀gbẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ èso tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ dájú o, kódà bó bá pupa.

Ọmọ Bùnú ní Houston

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun. Èyí tí ó bá dáni lójú nìkan ni.

Olódòdó Kàbà

Mo ti kọ orúkọ sára wọn lónìí, mo fi bírò tí omi kì í pa kọ ọ́ sórí pátákó kékeré, mo sì ki ẹ̀dà kan bọ inú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí ó lè wà níbẹ̀ bí ti òde bá já.

Ìkejì, Mammillaria gracilis, mo kọ vetula sábẹ́ rẹ̀ bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Ìkẹta, Mammillaria prolifera. Mo padà wò ó dáadáa, èso pupa méjì wà níbẹ̀ nísàlẹ̀ irun, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni mo rà. Ìkẹrin, bocasana. Ìkarùn-ún, hahniana. Ìkẹfà, Euphorbia obesa, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oje rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú. Mo ti gbé e sókè, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o.

Ìkìíní ni mo fi sílẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin nínú rẹ̀ fún láàárín, bí Àgbẹ̀ Ìjùmú ṣe sọ, ó hàn pé inú òkùnkùn ni wọ́n ti dàgbà. Mo kọ Mammillaria sára rẹ̀, mo ti gbé e sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn án. Bí ẹ̀gún tuntun bá yọ lórí rẹ̀, n ó tún un kà, n ó sì mú fọ́tò rẹ̀ wá síbí.

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Ìyẹn dára púpọ̀. Ẹ má tà á títí di ìgbà yẹn.

Ọmọ Ìyàgbà

Àǹtí, mo ti ka ìhà ara tèmi, mẹ́sàn-án ni. Bàbá Tíṣà ló jàre. Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ prolifera méjì, ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀ ní Kàbà. N ó mú ọ̀pá Echinopsis mẹ́ta dání ká fi ṣe pàṣípààrọ̀, tí ẹ bá fẹ́.

Olódòdó Kàbà

Mo fẹ́ o. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó gbé e wá.